Hẹ́dímásítà àti àwọn tísà rẹ̀: ipò ọ̀gá níbi iṣẹ́ nílẹ̀ Àkókó

Nínú gbogbo ipò tí ìjọba àti ìjọ Ọlọ́run gbé kalẹ̀ fún wa láti ìgbà tí ìwé ti wọ ilẹ̀ Àkókó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí ará ìlú mọ̀ tó ipò hẹ́dímásítà, agbára káká náà sì ni a fi lè rí èyí tí wọ́n ṣi iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ tó o. Ní Ìkàrẹ́ tí òkè yí ká, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá-Ìlà-Oòrùn Àkókó, àti ní Ọ̀kà tí ó fi orí òkè ṣe ibùjókòó, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó, òun ni òbí ń sá tọ̀ bí ọmọ bá fẹ́ ya ìpátá, òun ni àwọn àgbà tí kò mọ̀wé ń kó lẹ́tà tọ̀ láyé ọjọ́un pé kí ó bá àwọn kà á, òun sì ni a ń pè sí ìjókòó iwájú níbi àpèjọ. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò pé ọmọ kéékèèké ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ kéékèèké kọ́. Ẹrù tí ó wúwo jù lọ́rùn hẹ́dímásítà ni àwọn àgbàlagbà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àwọn tísà, ọkùnrin àti obìnrin, tí ẹlòmíràn nínú wọn ju òun gan-an lọ lọ́jọ́ orí, tí ó sì gbọ́dọ̀ mú kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ìjọba tọkàntọkàn, yálà ojú òun wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Kí ilé-ìwé tó dé ni a ti mọ bí a ṣe ń ṣíwájú àwọn tí ń ṣiṣẹ́. Àwọn baba wa tí wọ́n ń kọ ebè iṣu, tí wọ́n sì wá di olóko kòkó, mọ àáró, wọ́n sì mọ ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, àwọn ẹlẹgbẹ́ a máa ṣiṣẹ́ kiri oko ara wọn, wọn a ṣe oko ẹnì kan tán kí ó tó kan ti ẹlòmíràn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ń tọ́ka iṣẹ́ lónìí ni a óò tọ́ka iṣẹ́ fún lọ́la; nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó bẹ àwọn ènìyàn ni ó ń wá oúnjẹ àti ohun mímu fún wọn, kò sì sí ẹni tí í bẹ ọ̀wẹ̀ tí í jókòó sí abẹ́ igi máa wò. Ẹni tí ó mọ̀ pé oko ẹlòmíràn ni ilẹ̀ ọ̀la yóò ti mọ́ bá òun, kì í di ọ̀rọ̀ lé ènìyàn bí ẹni di ẹrù lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Iṣẹ́ ìjọba ni ó mú ìlànà mìíràn wá: a fi ènìyàn jẹ ọ̀gá, ó sì di ọ̀gá títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì. Bí ìwà àáró kò bá sí nínú irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí yóò rán an létí pé ènìyàn ni àwọn tí ó wà lábẹ́ òun.

Ọdún 1955 ni ẹrù hẹ́dímásítà wúwo jù. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún náà ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà ní 1954 tó nǹkan bí 457,000. Ní 1955 wọ́n ti lé ní 811,000. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń kọ́ tísà kò lè bí tísà kíákíá tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni a ṣe mú àwọn tí kò kọ́ṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà, tí a kó ẹfun lé wọn lọ́wọ́. Ta ni yóò kọ́ àwọn akọ́ni wọ̀nyí? Alábẹ̀wò kò lè wà níbi gbogbo. Hẹ́dímásítà ni ó di olùkọ́ àwọn olùkọ́, láìsí ẹni tí ó kọ́ òun náà bí a ti ń ṣe é.

Irin-iṣẹ́ tí a fún un kò pọ̀, a sì lè fi wọ́n gbé ènìyàn ró tàbí kí a fi wọ́n wó o. Ìwé ìwọlé-iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀ láràárọ̀, tí àwọn tísà ń fọwọ́ sí. Bí àkókò bá ti kọjá, yóò fa ìlà pupa, ẹni tí ó bá pẹ́ yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ ìlà. Ọ̀gá kan wà tí ìlà pupa yìí ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀: bí ó bá ti fà á tán, ó ti ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá mìíràn yóò fà á, nítorí òfin ni òfin, ṣùgbọ́n bí orúkọ kan náà bá ń bọ́ sísàlẹ̀ ìlà lọ́sẹ̀ kan sí èkejì, yóò pe onítọ̀hún sí kọ̀rọ̀, yóò bi í léèrè ohun tí ń ṣe é, bí ó bá sì jẹ́ ìyálọ́mọ tí ń ti orí òkè Ọ̀kà wá síbi iṣẹ́ ní ìsàlẹ̀, yóò bá a ṣètò kí ẹlòmíràn máa bójú tó ìtò òwúrọ̀, kí òun náà sì máa san án padà ní ìparí iṣẹ́.

Lẹ́sìn nóòtù, ìwé tí tísà ń kọ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí kí ó tó wọ kíláàsì, òun náà ńkọ́? Ó rọrùn láti fi bírò pupa sàmì sí i láìkà á, ó sì rọrùn láti kà á kìkì kí a lè rí àṣìṣe. Èyí tí ó ṣòro ni kí ọ̀gá kà á, kí ó wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì ní wẹ́rẹ́, kí ó rí bí iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀ ṣe ń lọ, kí ó má sì la ẹnu rẹ̀ tako tísà lójú àwọn ọmọ. Tísà tí a bá bú lójú ọmọ ilé-ìwé, a ti ba ọlá rẹ̀ jẹ́ ní kíláàsì náà fún ìyókù ọdún. Bí ilé-ìwé bá parí ni ọ̀rọ̀ tó kàn, nítorí bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Èyí tí mo sì kà sí òkè gbogbo rẹ̀ ni ti hẹ́dímásítà tí ó gba ẹfun fúnra rẹ̀, tí ó kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ìṣirò, tí tísà tuntun jókòó tí ó ń wò ó. Kò sí ìwé àṣẹ tí ó lè ṣe ohun tí wákàtí kan yẹn ṣe. Ọ̀gá tí kò bá lè ṣe é mọ́ ti jìnnà sí iṣẹ́ tí ó ń darí.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń dẹ́rù ba òṣìṣẹ́, ìròyìn tí ọ̀gá ń kọ nípa rẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà kan, àṣírí ni: ọ̀gá a kọ ọ́, a fi ránṣẹ́, ẹni tí a kọ ọ́ nípa rẹ̀ kò ní rí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò rántí ohun mìíràn nípa ìgbìmọ̀ Jerome Udoji lórí iṣẹ́ ìjọba ní ọdún 1974 ju àfikún owó oṣù tí a pè ní owó Údojì, tí ó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, lọ, bẹ́ẹ̀ ìgbìmọ̀ náà ni ó gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí ìròyìn òṣìṣẹ́ má ṣe jẹ́ àṣírí mọ́. Láti inú èrò yìí ni fọ́ọ̀mù ìròyìn ọdọọdún tí a ń pè ní APER ti wá, tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń kọ ohun tí ó ṣe lọ́dún, kí ọ̀gá tó kọ tirẹ̀. Síbẹ̀ fọ́ọ̀mù kò lè sọ aláìṣòótọ́ di olóòótọ́. Bí òṣìṣẹ́ bá ń ka àléébù ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìròyìn ìparí ọdún, ọ̀gá rẹ̀ ti fi oṣù méjìlá tàn án jẹ.

Àpẹẹrẹ ọ̀gá rere wà nítòsí wa. Yunifásítì tí ó wà ní Àkùngbá, láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ń jẹ́ orúkọ Olóyè Adékúnlé Ajásin, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì mọ̀ pé gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ni, láti 1979 dé 1983. Ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kí ó tó jẹ gómìnà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1947 ni ó di ọ̀gá Imade College ní Ọ̀wọ̀, ó sì lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀. Ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ níbẹ̀ ni bí ó ṣe ń ṣí ọ̀nà fún àwọn tísà rẹ̀ láti lọ kàwé sí i ní University College, Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò dáadáa. Tísà tí ó bá lọ kàwé, kíláàsì rẹ̀ yóò ṣófo. Bí ó bá sì kà á tán, ó lè gba ibòmíràn lọ, ó sì lè padà wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí ó tó ti ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kò ní dán an wò láéláé. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí tó ohunkóhun tí ó ṣe lórí àlééfà.

Lónìí, ọdún iṣẹ́ àti ìpele owó oṣù ni ó ń gbé tísà dé ipò hẹ́dímásítà. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń kọ́ ọmọ ọdún méje, a ó jí lọ́jọ́ kan, a ó sọ fún un pé kí ó máa darí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún nọ́ọ̀sì tí ó di mátírọ̀nù, àti fún akọ̀wé tí ó di olórí ẹ̀ka ní káńsù. Àwọn hẹ́dímásítà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí dénú, kò ṣòro láti rí ní àdúgbò Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Mo bẹ ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, mo sì bẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Àkókó: ẹ pe àwọn àgbà wọ̀nyí, ẹ fún wọn ní owó ọkọ̀ àti àyè ìjókòó, kí ọ̀gá tuntun kọ̀ọ̀kan sì lo sáà kan lọ́dọ̀ wọn kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì.