Mudu Tó Péye

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, bí a bá ní nǹkan péye, ohun tí a ń sọ ni pé iye rẹ̀ pé. Èyí yàtọ̀ sí ohun tó kàn ń bára mu. Ẹ wo mudu tí wọ́n fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ fi wọn ẹ̀lùbọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, bákan náà ni yóò máa rí. Lẹ́ẹ̀mẹwàá náà ni yóò sì dín.

Òṣùwọ̀n ńlá pàápàá a máa yẹ̀. Láti 1889, irin kan tó wà nítòsí Paris ni ayé fi ń díwọ̀n kìlógíráàmù. Nígbà tó yá, òun àti àwọn ẹ̀dà rẹ̀ kò dọ́gba mọ́. Ìyàtọ̀ náà kò ju hóró iyanrìn kan lọ, síbẹ̀ wọ́n jáwọ́ nínú lílò ó ní 2019. Tiwa ńkọ́, tó jẹ́ odidi ẹ̀kúnwọ́?

Ní ilẹ̀ onílẹ̀, mudu ẹnì kan kì í ba orúkọ ẹnì kan ṣoṣo jẹ́. Gbogbo Yorùbá ni wọn ó dárúkọ. Nítorí náà, kí ẹ tó ra mudu tuntun, ẹ bu omi kún èyí tó dá yín lójú, kí ẹ dà á sínú rẹ̀. Bó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀ kí omi tó tán, wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ nìyẹn.