ỌDẸ ALÁPẸ̀RẸ̀ TÓ FẸ́ PA ÀGBỌ̀NRÍN NÍ AMẸ́RÍKÀ: ÌWÉ NI WỌ́N Ń BÈÈRÈ, WỌN Ò BÈÈRÈ OÒGÙN

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ọdẹ kan wà ní Alápẹ̀rẹ̀ níbí tó ti ń múra fún ohun tó lé ní ọdún kan báyìí kó lè lọ pa ẹran kan. Ẹran kan ṣoṣo o! Ohun tí bàbá tó bí i ń pa ní òru ọjọ́ kan kí àkùkọ tó kọ, òun ń fi ìwé, owó àti ọkọ̀ òfurufú wá a.

Èmi náà rò pé àsọdùn ni, àfìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, iná wẹ́dà ń ta pàrà lójú mi, Baba sì kó fáìlì kan jáde tó nípọn ju Bíbélì lọ. Gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì yẹn, ọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín ni. Ó ní kí n má kọ orúkọ òun sínú ìwé ìròyìn, kí n kàn máa pe òun ní Baba Wẹ́dà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa pè é.

Ọmọ Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ní Òkè-Ògùn ni Baba, ìdílé ọdẹ ni wọ́n sì ti bí i. Igbó tí àwọn baba rẹ̀ ń dẹ ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba tipẹ́. Ní 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di Old Oyo National Park, ẹni tó bá sì gbé ìbọn wọ ibẹ̀, ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ń bọ́ sí. Èyí tó kù níta fún ará ìlú, Baba ní ọ̀kẹ́rẹ́ lásán ni èèyàn ń bá pàdé níbẹ̀. Òun kúkú ti wá Èkó, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń jó irin ní Alápẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọdẹ kò gbẹ lára ọdẹ.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Aurora, ìlú kan tó fara kan Denver ní ìpínlẹ̀ Colorado. Ní 2024, Baba lọ síbẹ̀ fún ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ wà á lọ sórí òkè láti lọ gba afẹ́fẹ́, ni agbo ẹran kan bá ń kọjá lójú títì ní ọ̀sán gangan, wọn ò sá, wọn ò fòyà. Baba ní orí òun wú. Ó ní ìka ọwọ́ òun kàn ń yọ́ tẹ ohun tí kò sí níbẹ̀ ni.

Àgbọ̀nrín elétí ìbaaka ni mo sọ ẹran náà, torí bí òyìnbó ṣe pè é náà nìyẹn, mule deer. Ẹ mọ ìbaaka, ọmọ tí ẹṣin bí fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Etí rẹ̀ gùn, ó fẹ̀, kì í dúró lójú kan. Ìdí rẹ̀ funfun, ìrù rẹ̀ tín-ín-rín, ṣóńṣó ìrù náà dúdú. Tí ẹ̀rù bá bà á, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì fi ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pó, pó, pó, bíi bọ́ọ̀lù. Akọ tó ti gbó lè wọn tó ọgọ́rùn-ún kílò. Ìwo rẹ̀ ń ya ẹ̀ka bí igi, ọdọọdún ló sì ń já bọ́ tí òmíràn á tún hù. Èyí ló ya Baba lẹ́nu jù, nítorí àgbọ̀nrín tiwa, ìwo tó bá hù sí i lórí ló ń bá a dé ìdí ìkòkò.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ rọrùn, àbí? Ẹran ń rìn lójú títì, ọdẹ wà nílẹ̀, ọmọ ní ìbọn. Ó tì o.

Ní Colorado, kò sí ẹni tó lè pa àgbọ̀nrín láìgba ìwé, ìwé náà kò sì wà fún títà bí ẹni ra búrẹ́dì. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Colorado Parks and Wildlife ti pín gbogbo ìpínlẹ̀ náà sí àgbègbè àgbègbè, bí wọ́n ṣe pín ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ wa yìí sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n á wo iye ẹran tó wà ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì sọ iye tí ọdẹ lè pa níbẹ̀ lọ́dún yẹn. Iye yẹn ni wọ́n máa fi pinnu iye ìwé tí wọ́n máa tẹ̀. Ẹni tó fẹ́ á kọ orúkọ sílẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣẹ́ kèké bíi lọ́tò. Ìparí oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni èsì ń jáde, oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń wọ igbó. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá jáde, wọ́n á fún un ní máàkì kan tó máa gbé e síwájú lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn àgbègbè kan wà tí èèyàn á to máàkì jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kàn án.

Wọn kì í fi ìṣirò yẹn ṣeré. Láàárín 2022 sí 2023, yìnyín bọ́ ní ìwọ̀ oòrùn-àríwá Colorado débi pé ẹran kò rí koríko jẹ, ọ̀pọ̀ ló kú fún ebi àti òtútù. Kíá ni ìjọba dín ìwé kù. Ẹran dínkù, ìwé dínkù. Mo rò ó títí, n kò rántí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni ka ọ̀yà tó kù nínú igbó wa kí wọ́n tó pa á.

Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà ńbẹ̀. Ọmọ ìpínlẹ̀ Colorado kì í san tó 60 dọ́là lórí ìwé àgbọ̀nrín. Àlejò ń san ohun tó lé ní 400 dọ́là, á sì kọ́kọ́ ra ìwé ọdẹ kékeré kan kó tó lè kọ orúkọ rárá. Ẹ má rò pé torí a jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni o. Ọmọ Amẹ́ríkà tó wá láti Texas náà, àlejò ni, iye kan náà ló ń san. Ohun tó tu Baba nínú ni pé wọn kì í gba 400 yẹn àfi tí orúkọ bá jáde. Tí ọdẹ bá gba ilẹ̀ ìjọba lọ, kò pọn dandan kó háyà amọ̀nà, torí àwọn amọ̀nà yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń gbà. Ní Wyoming tó bá wọn pààlà, òfin le ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn igbó kìjikìji kan wà tí àlejò kò gbọ́dọ̀ wọ̀ láti pa ẹran ńlá láìsí amọ̀nà tàbí ọmọ ìpínlẹ̀ tó gba ìwé láti mú un wọlé.

Ilé ẹ̀kọ́ náà kò gbẹ́yìn. Ní Colorado, ẹni tí wọ́n bí láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1949 gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí pé òun kọ́ nípa ọdẹ ṣíṣe. Baba, tí wọ́n bí ní 1958, tó ti ń yìnbọn láti kékeré, lọ jókòó sí kíláàsì nígbà tó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún méjìlá ló wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó mú káàdì náà hàn mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbọn ńkọ́? Níbí yìí ni kí ẹni tó lọ́mọ lókè òkun ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí àlejò tó fi fisa àbẹ̀wò wọlé fọwọ́ kan ìbọn tàbí ọta. Ọ̀kan nínú ohun tó lè yọ ọ́ ni pé kó ní ìwé ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ fún un. Ìyẹn ni pé kí Baba tó gba ìbọn ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ mú, ìwé gbọ́dọ̀ ti wà lápò. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ìbọn tirẹ̀ láti ìta wọ ibẹ̀ á kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìbọn kó tó kúrò nílé.

Inú Baba kọ́kọ́ dùn nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ní àkókò kan nínú oṣù kẹsàn-án fún ìbọn tí wọ́n ń ki ẹ̀tù láti ẹnu, bíi ṣakabùlà tiwa. Ó ní, “Ṣé o rí i, ọmọ mi, àwọn náà mọ̀ ọ́n!” Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ka òfin rẹ̀ sí i létí, ojú rẹ̀ rọ̀. Ọta kan ṣoṣo ni, kì í ṣe irin wẹ́wẹ́ tí àwa ń dà sí i, ẹnu ìbọn náà sì ní bó ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Ṣakabùlà Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kò lè yege. Ó ti gbà láti lo ráífù ọmọ rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá.

Iná ọdẹ tí ẹ mọ̀ níwájú orí ọdẹ wa, ó di èèwọ̀. Ọ̀sán ni wọ́n ń dẹ̀gbẹ́: láti ìdajì wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ títí di ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀. Ẹni tó bá tan iná sí ẹran lójú lálẹ́, ọ̀daràn ni. Gbérí ọdẹ náà kò ṣeé dá wọ̀. Ẹni tó gbé ráífù gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè àti fìlà aláwọ̀ ọsàn tó ń dán yanran, bíi ti àwọn tó ń gbálẹ̀ títì, tàbí èyí tó jẹ́ pínńkì, kí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa yìnbọn fún un. Mo bi Baba pé ṣé ẹran kò ní rí i. Ó ní wọ́n kọ́ òun ní kíláàsì pé ojú àgbọ̀nrín kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ àwọ̀ yẹn yàtọ̀ sí ti ewé.

Ká ní ó wá pa á. Tíkẹ́ẹ̀tì wà lára ìwé rẹ̀. Á fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, á sì so ó mọ́ ẹran. Ìdẹ parí fún un nìyẹn. Kò gbọ́dọ̀ gé orí oníwo nìkan kó fi ẹran sílẹ̀ kó jẹrà, ẹ̀wọ̀n lè wà níbẹ̀. Àrùn kan tún wà tó ń jẹ ọpọlọ àgbọ̀nrín, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Fort Collins ní Colorado yìí kan náà ní 1967. Wọn kò tíì rí ẹni tó kó o lára ẹran, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba ọdẹ níyànjú kí wọ́n yẹ orí ẹran wò kí wọ́n tó jẹ ẹ́ ní àwọn àgbègbè tó ti wà. Àti pé, ẹ̀yin ìyá mi ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹ dì mí mú: títa ẹran náà, èèwọ̀ ni! Jẹ ẹ́, fi ta aládùúgbò lọ́rẹ, má tà á.

Ìyá, ìyàwó Baba, tó ń ta ata àti tòmátì ní Mile 12, gbé igbá ata kalẹ̀ nígbà tí a débi yìí. Ó ní, “Ẹran tí èèyàn ò lè tà, tí èèyàn ò lè kó wálé, kí la fẹ́ fi ṣe gan-an?” Owó tí Baba ń wò, inú àjọ tí àwọn méjèèjì jọ ń dá ni, Ìyá sì fẹ́ fi gba ìsọ̀ kejì. N kò dá a lẹ́bi. Ìyá náà ní ọgbẹ́ tirẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹran àti Amẹ́ríkà yìí. Ní 2024 ó ti di òkété gbígbẹ sínú báàgì fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ni ọmọ bá pariwo lórí fóònù kí wọ́n yára yọ ọ́. Ẹran ìgbẹ́ láti Áfíríkà kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 250,000 dọ́là. Òkété pàápàá ní ìtàn tirẹ̀: ní 2003, àwọn òkété àti eku mìíràn tí wọ́n kó láàyè láti Gánà ló gbé àrùn mpox wọ Amẹ́ríkà, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ eku Áfíríkà.

Ohun tó mú mi kọ èyí gan-an ni ọ̀rẹ́ Baba kan, fọgánáísà, ọdẹ ni òun náà. Ó gbọ́ ìròyìn, ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ajẹ́ńtì kan ní Kétu wá sọ fún un pé òun máa gba “fisa ọdẹ” fún un ní mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ náírà, ìwé àgbọ̀nrín á sì bá a wá. Ó ti san 800,000. Fóònù ajẹ́ńtì kò lọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ara yín: kò sí ohun tó ń jẹ́ fisa ọdẹ ní Amẹ́ríkà. Fisa àbẹ̀wò lásán ni ẹni tó ń lọ ṣọdẹ ń lò, 185 dọ́là ni owó fọ́ọ̀mù rẹ̀ láti 2023, kò sì sí ajẹ́ńtì tó lè bá ẹnikẹ́ni ṣẹ́ kèké tí ìjọba Colorado ń ṣẹ́. Fisa àbẹ̀wò yẹn gan-an, Ààrẹ Donald Trump kéde ní oṣù kejìlá 2025 pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò ní i lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ kò ní rí i gbà. Ti Baba wà lójú pásípọ̀ọ̀tù rẹ̀ láti 2024, ìyẹn ló fi lè máa lá àlá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀ ń lọ bẹ àwọn tó yá a lówó.

Baba ti kọ orúkọ sílẹ̀. Nígbà tó ń dúró de èsì, ó ń jí ní aago márùn-ún, á rin ìrìn láti Alápẹ̀rẹ̀ dé Ògùdù, á sì rìn padà. Lórí òkè yẹn ní 2024, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló gbé tí èémí fi gé e, tó jókòó sílẹ̀ bí ọmọdé, torí afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ níbi gíga, etí òkun sì ni Èkó wa. Mo bi Ìyá léèrè kí n tó dìde pé kí ni wọ́n fẹnu kò sí. Ó ní tí orúkọ Baba bá jáde, òun á ka owó náà fún un. Tí kò bá jáde, kó bá òun jó ilẹ̀kùn irin méjì fún ìsọ̀ tuntun, òun kò sì ní sanwó iṣẹ́.