Bí A Ṣe Ń Wá Ojútùú sí Ìṣòro Pláànù Ilé Lórí Kọ̀ǹpútà

Bí ẹ bá ń gbèrò láti kọ́lé, tàbí tí ẹ fẹ́ tún inú ilé tí ẹ ń gbé tò, ẹ má dúró dìgbà tí bíríkìlà bá mọ ògiri tán kí ẹ tó mọ̀ pé yàrá há. Ètò kọ̀ǹpútà wà tí ẹ lè fi ya ilé náà fúnra yín, kí ẹ sì rìn yí inú rẹ̀ ká kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo. Èyí tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ni Sweet Home 3D. Emmanuel Puybaret, ará ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é, ó sì ti wà lóde láti ọdún 2006. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux.

Ojú ètò náà pín sí mẹ́rin. Lọ́wọ́ òsì lókè ni àkójọ ẹrù ilé wà: ilẹ̀kùn, fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì, àga. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni orúkọ gbogbo ohun tí ẹ bá ti gbé sínú ilé. Lọ́wọ́ ọ̀tún lókè ni pláànù, níbi tí ẹ ti ń fa ilà ògiri. Nísàlẹ̀ pláànù ni ohun tí wọ́n ń pè ní 3D wà. Ibẹ̀ ni ilé ti ń nàró, tí ẹ lè yí i po, tí ẹ sì lè wọ inú rẹ̀. Àwòrán ìdúró ni a ó máa pè é láti ìsinsìnyí lọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú kí a tó lọ síwájú, torí òun ni yóò gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà. Inú àwòrán ìdúró ni ìṣòro ti sábà máa ń hàn, ṣùgbọ́n inú pláànù ló ti ṣẹ̀. Ilẹ̀ yàrá kò jáde, ilẹ̀kùn kò lu ògiri já, àjà òkè léfòó: bí ẹ bá tọpa wọn, nọ́ńbà kan tó ṣì tàbí ilà méjì tí kò kanra ni ẹ ó sábà bá nídìí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má gbé àga bo ibi tó bàjẹ́ lójú. Ẹ padà sí pláànù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n. Lọ́dọ̀ tiwa, oríṣi ìwọ̀n mẹ́ta ló máa ń pàdé nínú ilé kan. Ẹsẹ̀ bàtà ni a fi ń pe ilẹ̀, bíi pùlọ́ọ̀tì 50 sí 100. Íǹṣì ni bíríkìlà fi ń pe búlọ́ọ̀kù, 6 tàbí 9. Mìlímítà sì ni ayàwòrán ilé ń kọ sórí ìwé: yàrá tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12, 3600 ni ẹ ó rí níbẹ̀. Bí ètò náà bá wà lórí sẹ̀ǹtímítà, tí ẹ wá tẹ 3600 bí ẹ ṣe rí i, yàrá yẹn yóò gùn tó mítà 36. Pùlọ́ọ̀tì 50 sí 100 kò lè gbà á, nítorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn jù kò ju mítà 30 àti ààbọ̀ lọ.

Ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Preferences sí, ẹ yan ìwọ̀n kan, kí ẹ sì dúró tì í títí iṣẹ́ yóò fi parí. Sẹ̀ǹtímítà ni ó rọrùn jù. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ mìlímítà, ẹ fi 10 pín in. Bó bá jẹ́ íǹṣì, ẹ fi 2.54 sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà, ẹ fi 30.48 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ kọ gbogbo ìwọ̀n tuntun náà sórí ìwé kí ẹ tó fa ilà kankan.

Àwọn mìíràn ti ní pláànù lórí ìwé tẹ́lẹ̀. Ẹ lè ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sábẹ́ iṣẹ́ yín nípasẹ̀ Import background image, kí ẹ wá máa fa ògiri lé e lórí. Ètò náà yóò ní kí ẹ fa ilà kan sórí ohun tí ẹ mọ gígùn rẹ̀, kí ẹ sì tẹ gígùn náà. Ẹ má lo ẹnu ọ̀nà. Bí ọwọ́ yín bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 yà lórí ẹnu ọ̀nà tó jẹ́ 90, àṣìṣe yẹn yóò ti di nǹkan bí 33 tí ẹ bá fi máa dé ìpẹ̀kun ilé tó gùn ní mítà 15. Ògiri tó gùn jù lọ nínú ilé ni kí ẹ lò, kí àṣìṣe kékeré lè wà ní kékeré rẹ̀.

Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé wọ́n tẹ ìwọ̀n yàrá dáadáa, síbẹ̀ yàrá náà kéré. Ìdí rẹ̀ ni pé àárín ògiri kan sí àárín ògiri kejì ni ètò náà ń wọ̀n. Ògiri búlọ́ọ̀kù oníǹṣì 9, láìka pilásítà, nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22.5. Bí ẹ bá tẹ 360, ìdajì ògiri ọ̀tún àti ìdajì ògiri òsì yóò jẹ nínú rẹ̀, 337.5 péré ni yóò kù fún ẹni tó fẹ́ gbé inú yàrá. Kí inú yàrá tó lè pé 360, 382.5 ni ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀.

Láti tẹ nọ́ńbà yìí, ẹ yan irinṣẹ́ tí wọ́n kọ Create walls sí, ẹ tẹ máòsì níbi tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá tẹ Enter. Àyè gígùn yóò yọ, ẹ ó sì kọ nọ́ńbà síbẹ̀ dípò kí ẹ máa fi ojú díwọ̀n. Ìnípọn tí ètò náà ń fún ògiri látilẹ̀ kéré gan-an sí ti búlọ́ọ̀kù wa, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yí i padà nínú Preferences. Bí ẹ bá ti fa ògiri tán kí ẹ tó rántí, ẹ yan gbogbo wọn pọ̀, kí ẹ sì yí ìnípọn wọn padà nínú Modify walls.

Irinṣẹ́ Create rooms ni a fi ń tẹ́ ilẹ̀ yàrá. Ẹ yàn án, ẹ tẹ máòsì lẹ́ẹ̀mejì léra láàárín ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilẹ̀ yóò sì tẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá jáde, tàbí tó lọ kó yàrá kejì mọ́ra, igun kan wà tí ògiri méjì kò ti kanra. Bí agbè tó lu ni: ihò rẹ̀ ìbáà kéré bí ojú abẹ́rẹ́, omi kò ní dúró nínú rẹ̀.

Ẹ sún pláànù mọ́ra títí igun kọ̀ọ̀kan yóò fi tóbi lójú yín, kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Igun tó kanra máa ń mú ṣánṣán. Èyí tí kò kanra a máa rí bí ẹni pé a gé ṣóńṣó rẹ̀ kúrò. Ẹ yan ògiri náà, ẹ mú etí rẹ̀, ẹ fà á dé etí ògiri kejì títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ọn. Agbára tó ń mú un lẹ̀ ni wọ́n ń pè ní magnetism, ìyẹn ìfàmọ́ra. Bí ìfàmọ́ra bá ń fà yín síbi tí ẹ kò fẹ́, ẹ di Alt mú lórí Windows, yóò dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ẹ má pa á tì pátápátá, torí òun ló ń bá yín pa àlàfo dé.

Bí ilẹ̀ bá ti tẹ́, ẹ wo nọ́ńbà tó yọ láàárín yàrá. Bí yàrá ṣe fẹ̀ tó ni. Yàrá tó jẹ́ 360 sí 360 gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 12.96 ní mítà onígun mẹ́rin. Bó bá jẹ́ nǹkan bí 11.39 ni ẹ rí, ìnípọn ògiri ló ti jẹ yàrá yín. Ẹ wo nọ́ńbà yìí nínú gbogbo yàrá kí ẹ tó gbé ẹrù kankan wọlé.

Ilẹ̀kùn àti fèrèsé máa ń lu ògiri já fúnra wọn bí ẹ bá gbé wọn lé e. Bí ẹ bá rí ilẹ̀kùn tó fara ti ògiri tí ògiri kò sì lu, ẹ wò ó nínú pláànù bóyá ó wọ inú ògiri tán. Bó bá jẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ti rí ilẹ̀kùn náà, ó lè jẹ́ pé ẹ kò sọ fún ètò náà nígbà tí ẹ ń gbé e wọlé pé ilẹ̀kùn ni. Láìsọ bẹ́ẹ̀, ẹrù lásán ni yóò kà á sí. Ẹ tún wo ilà róbótó tó ń fi ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí hàn, kí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ má lọ máa gbá àwo ìgbọ̀nsẹ̀.

Elevation ni wọ́n ń pe gíga láti ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ amúlétutù tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ dípò ara ògiri ti ń gba àtúnṣe. Fún fèrèsé, ẹ fi orí rẹ̀ bá orí ilẹ̀kùn dọ́gba, torí líńtẹ́ẹ̀lì kan náà ló sábà máa ń gbé àwọn méjèèjì. Bí ilẹ̀kùn bá ga ní 210, tí fèrèsé sì ga ní 120, gíga fèrèsé láti ilẹ̀ yóò jẹ́ 90.

Bó bá jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ń yà, Add level ni ẹ ó fi ṣe àjà òkè. Bí ẹ bá rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín àjà méjèèjì kọjá, ìṣirò kan ni kò bára mu. Ògiri ìsàlẹ̀ tó ga ní 300, pẹ̀lú dẹ́kìn tó nípọn ní 15, túmọ̀ sí pé ilẹ̀ òkè gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 315. Ẹ rántí pé bí ẹ bá yí gíga àjà padà, ògiri tí ẹ ti fà tẹ́lẹ̀ kò ní bá a yí. Ẹ yan àwọn ògiri náà, kí ẹ yí tiwọn padà lọ́tọ̀.

Àtẹ̀gùn náà ní tirẹ̀. Bí orí àtẹ̀gùn bá ń gbá dẹ́kìn, tí kò sí ihò tí ènìyàn lè gbà yọ sókè, ẹ wo ohun méjì. Àkọ́kọ́, ṣé gíga àtẹ̀gùn dé 315? Èkejì, ṣé ẹ ti tẹ́ ilẹ̀ yàrá sí òkè? Ara ilẹ̀ yẹn ni ètò náà ti ń gé ihò. Bí kò bá tíì sí, kò sí ohun tí yóò gé.

Nígbà mìíràn, ojú ohun kan yóò máa ṣẹ́jú wìnnìwìnnì bí ẹ bá ń yí àwòrán ìdúró po. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà yín ló bàjẹ́. Ojú méjì ló wà ní gíga kan náà, kọ̀ǹpútà kò sì mọ èyí tí yóò fi hàn. Bí àpẹẹrẹ, ẹ gbé pátákó kan sílẹ̀ fún fàráńdà, òkè rẹ̀ sì bá ilẹ̀ pálọ̀ dọ́gba déédéé níbi tí ó ti wọlé díẹ̀. Ẹ sọ ọ̀kan nínú wọn kalẹ̀ pẹ̀lú ìdajì sẹ̀ǹtímítà, yóò dúró jẹ́ẹ́.

Ẹrù tí ẹlòmíràn ti yà sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mọ́dẹ́ẹ̀lì. Ètò náà ń gba fáìlì OBJ, DAE, KMZ àti 3DS. Bí àga bá wọlé tó tóbi ju ilé lọ, ìwọ̀n mìíràn ni ẹni tó yà á lò. Ẹ tẹ gíga tòótọ́ rẹ̀, kí ìyókù sì tẹ̀lé e. Bó bá dojú délẹ̀, ẹ yí i padà kí ẹ tó parí ìgbéwọlé. Bí kọ̀ǹpútà bá ń falẹ̀, mọ́dẹ́ẹ̀lì tó wúwo ló sábà ń fà á. Ẹ fi wọ́n pamọ́ nínú orúkọ ẹrù títí ẹ ó fi parí ògiri. Iná náà lè lọ nígbàkigbà, nítorí náà ẹ máa tọ́jú iṣẹ́ yín léraléra, kí ẹ sì fún fáìlì lórúkọ tuntun ṣáájú àtúnṣe ńlá.

Bí ìṣòro kan bá ta kókó tí ẹ kò rí ìdí rẹ̀, ẹ ṣí fáìlì tuntun, ẹ ṣe ẹ̀dà ògiri tàbí ilẹ̀kùn yẹn nìkan sínú rẹ̀. Bó bá bàjẹ́ níbẹ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ní àléébù. Bó bá dára níbẹ̀, ohun tó yí i ká nínú ilé ló ń dí i lọ́wọ́, kí ẹ wá máa yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí ohun gbogbo bá tò, ẹ tẹ pláànù jáde sórí bébà ní ìwọ̀n 1/100, kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà kan. Ẹ fi rúlà wọn inú yàrá: ibi tó yẹ kó jẹ́ 360 gbọ́dọ̀ jẹ́ 3.6 lórí bébà. Bó bá pé, ẹ gbé e lọ fún ayàwòrán ilé àti ẹnjiníà tó ní ìwé ẹ̀rí, torí àwọn ni yóò sọ bí ìpìlẹ̀ àti irin yóò ṣe rí, àwọn náà ni wọn yóò sì ya èyí tí ìjọba lè fọwọ́ sí. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú ilé tí ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ nínú rẹ̀, yàrá sí yàrá.