District 9: Báwo lèèyàn ṣe lè wọn ọkọ̀ àjèjì tó dúró sórí ìlú Johannesburg?

Lọ́dún 1982, ọkọ̀ ràbàtà kan yọ lójú òfurufú Johannesburg. Ó dúró gbagidi sórí ìlú náà, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn èèyàn gé ara ọkọ̀ náà wọlé, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ ẹ̀dá àjèjì tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù pa nínú rẹ̀.

Bí ìtàn inú fíìmù District 9, tó jáde lọ́dún 2009, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Neill Blomkamp, ọmọ bíbí Johannesburg, ló darí rẹ̀. Sharlto Copley ló kó ipa tó gbòòrò jù níbẹ̀, Peter Jackson, tó darí The Lord of the Rings, sì wà lára àwọn tó gbé e jáde. Nǹkan bíi 30 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ná lé fíìmù náà lórí, ó sì pa owó tó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ Oscar.

Ìbéèrè kan kì í pẹ́ sọ sí ọkàn ẹni tó bá wò ó: báwo gan-an ni ọkọ̀ yìí ṣe tóbi tó? Àwọn kan wà káàkiri àgbáyé tí wọ́n fẹ́ràn irú ìbéèrè yìí púpọ̀. Wọ́n á dá fíìmù dúró, wọ́n á mú rúlà, wọ́n á máa ṣírò. Ó lè dà bí eré ọmọdé, àmọ́ ọgbọ́n tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ti ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti tú àṣírí ìpànìyàn nílẹ̀ Áfíríkà.

Àwòrán kì í sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó

Lálẹ́ ọjọ́ tí òṣùpá bá lé, ẹ na ọwọ́ yín síwájú, kí ẹ di ojú kan, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò bo òṣùpá náà. Á bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, àyè á tún ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀, òṣùpá fẹ̀ tó nǹkan bíi 3,470 kìlómítà láti etí kan sí èkejì.

Ohun tí ojú ń rí, tí kámẹ́rà náà sì ń yà, ni iye àyè tí nǹkan gbà níwájú wa. Nǹkan kékeré tó wà nítòsí àti nǹkan ńlá tó wà lọ́nà jíjìn lè gba àyè kan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wọn ọkọ̀ inú fíìmù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá nǹkan mìíràn nínú àwòrán kan náà, tí a ti mọ gíga rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nǹkan bẹ́ẹ̀ ò wọ́n ní Johannesburg rárá. Ilé àwòṣífìlà Ponte City, tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1975, ga tó 173 mítà. Rìbìtì ni ilé náà, àárín rẹ̀ sì ṣófo láti òkè délẹ̀ bíi korobá tí kò nídìí, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ṣì í mú. Carlton Centre tó wà ní àárín ìlú ga tó 223 mítà, òun sì ni ilé tó ga jù ní Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òpó Hillbrow, tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ tẹlifóònù, ga jù wọ́n lọ. Mítà 269 ni tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹnì kan dá àwòrán dúró lójú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, tó fi rúlà wọn Ponte, tó rí i pé ó jẹ́ sẹ̀ńtímítà 2. Ó wọn ọkọ̀ àjèjì tó wà lókè, ó bá sẹ̀ńtímítà 16. Ọkọ̀ náà jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ Ponte nìyẹn. Bí ó bá sọ 173 di ìlọ́po mẹ́jọ, á bá 1,384 mítà. Kò tíì tó kìlómítà kan àtààbọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ rúlà sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti mọ̀ ọ́n. Wọn ò tíì mọ̀ ọ́n o.

Ibi tí ìṣirò ti ń ṣini lọ́nà

Ìdáhùn yẹn tọ̀nà kìkì bí ilé náà àti ọkọ̀ náà bá jìnnà bákan náà sí kámẹ́rà. Bí ọkọ̀ náà bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, á jẹ́ pé bó ṣe tóbi gan-an jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí a ṣírò, ìyẹn 2,768 mítà. Bó bá wà níwájú ilé náà, tó sún mọ́ kámẹ́rà ju ilé lọ, ó kéré sí iye tí a kọ́kọ́ rí. Rúlà ò lè dá èyí mọ̀. Àfi kéèyàn wá ẹ̀rí mìíràn.

Ẹ̀rí tó rọrùn jù ni kéèyàn wo ohun tó bo èkejì. Bí orí ilé gogoro kan bá bo apá kan lára ọkọ̀ náà, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé náà ni ọkọ̀ wà. Bí kùrukùru tàbí èéfín bá mú kí àwọ̀ ọkọ̀ náà ṣá ju ti ilé lọ, ó ti jìnnà díẹ̀ nìyẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Johannesburg, eruku àti èéfín iná máa ń mú kí òkèèrè ṣókùnkùn, àwọn tó ń ṣe fíìmù sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń fi irú èéfín yìí kun ọkọ̀ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà kí ojú lè gbà pé ó wà lókèèrè lóòótọ́.

Lẹ́ńsì kámẹ́rà náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Lẹ́ńsì gígùn tí àwọn oníròyìn fi ń ya nǹkan tó wà lókèèrè máa ń mú kó dà bí ẹni pé ohun iwájú àti ohun ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Bí ìròyìn tẹlifíṣọ̀n sì ni wọ́n ṣe ya District 9. Ẹni tó bá wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè rò pé orí ilé tó wà níwájú òun gan-an ni ọkọ̀ náà wà.

Ẹ̀rí kan wà tó dára ju gbogbo èyí lọ: òjìji. Oòrùn jìnnà sí wa débi pé ìtànṣán rẹ̀ máa ń tọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nígbà tí wọ́n bá dé ilẹ̀. Nítorí náà, fífẹ̀ òjìji nǹkan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú fífẹ̀ nǹkan ọ̀hún, bó ti wù kó ga tó. Nírọ̀lẹ́ tàbí láàárọ̀, òjìji máa ń gùn sí apá kan, àmọ́ ìbú rẹ̀ kì í yí padà. Bí òjìji ọkọ̀ kan bá bo láti Carlton Centre títí dé Ponte, kò sídìí láti máa wádìí bí ọkọ̀ náà ṣe jìnnà sí kámẹ́rà mọ́. Nǹkan bíi kìlómítà méjì ló wà láàárín ilé méjèèjì, ẹnikẹ́ni sì lè wọ̀n ọ́n lórí àwòrán ilẹ̀.

A tún lè gba ibòmíràn wò ó. Fíìmù náà sọ pé àwọn àjèjì tó wà nínú àgọ́ lé ní mílíọ̀nù kan nígbà tí ìjọba fẹ́ kó wọn kúrò, lóòótọ́ wọ́n ti bímọ kún ara wọn láti ọdún 1982. Síbẹ̀, ká fi mílíọ̀nù kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ní àyè tó fẹ̀ bí ẹní kan, ká ní mítà méjì níbùú-lóròó, gbogbo rẹ̀ á gba kìlómítà méjì níbùú-lóròó. Ilẹ̀ rìbìtì tó fẹ̀ tó kìlómítà kan àti mítà 600 láti etí sí etí ló lè gba ìyẹn, bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ alájà kan ṣoṣo. Bó bá ní àjà púpọ̀, kò nílò kó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ọkọ̀ náà ò ju mítà 300 lọ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ibi tí gbogbo wọn ti ń sùn.

Ọkọ̀ kékeré ló rọrùn jù láti wọ̀n

Ọkọ̀ kejì wà nínú fíìmù náà. Èyí kéré, ó já bọ́ láti ara ọkọ̀ ńlá, àjèjì kan tó ń jẹ́ Christopher Johnson sì fi pamọ́ sábẹ́ ilé páànù rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó gbéra nílẹ̀, ńṣe ló la ilé náà kọjá.

Tẹni tó ń wọ̀n ti dáa. Ọkọ̀, páànù, ilẹ̀kùn àti èèyàn wà lójú kan náà, wọ́n sì jìnnà bákan náà sí kámẹ́rà. Gíga ilẹ̀kùn ilé páànù ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ìyẹn nìkan ti tó rúlà.

Àwọn olólùfẹ́ Star Wars ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tipẹ́tipẹ́. Ọkọ̀ ogun tí wọ́n ń pè ní X-wing, èyí tí awakọ̀ kan ṣoṣo ń wà, ni àwọn ìwé kọ́kọ́ máa ń sọ pé ó gùn ní mítà 12.5. Àwọn ìwé tuntun ti sọ ọ́ di mítà 13.4. Ìyàtọ̀ yẹn ò pọ̀, nítorí pé orí awakọ̀ hàn nínú dígí, kò sì sẹ́ni tí ò mọ bí orí èèyàn ṣe tó.

Ti Executor, ọkọ̀ Darth Vader nínú The Empire Strikes Back tó jáde lọ́dún 1980, ló dìjà. Kò séèyàn kankan tó hàn lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ìwé fi kọ ọ́ pé kìlómítà mẹ́jọ ni gígùn rẹ̀. Àmọ́ àwọn òǹwòran dá fíìmù dúró, wọ́n fi ọkọ̀ náà wé ọkọ̀ Star Destroyer tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí gbogbo ìwé gbà pé ó gùn ní mítà 1,600. Wọ́n rí i pé Executor lé ní ìlọ́po mọ́kànlá rẹ̀. Wọ́n jiyàn títí, àwọn ìwé tuntun sì wá yí i padà sí kìlómítà 19.

Ohun tó fa irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ò le. Ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀, ẹni tó ya á àti ẹni tó kọ ìwé nípa rẹ̀ kì í ṣe ẹnì kan náà. Ní ti District 9, ilé iṣẹ́ Weta Digital ní New Zealand ló fi kọ̀ǹpútà ṣe ọkọ̀ ńlá náà. Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà ya nǹkan sì lè fi díẹ̀ kún un níhìn-ín, kó dín in kù lọ́hùn-ún, torí kí àwòrán lè wuyì. Ẹni tó bá wọn àwòrán mẹ́wàá tó bá ìdáhùn mẹ́wàá, kó má rò pé òun ò mọ ìṣirò.

Kí ló jẹ́ òótọ́ nínú àwòrán náà?

Ọkọ̀ náà ò sí, àmọ́ àwọn ilé tó yí i ká wà. Chiawelo, ní Soweto, ni wọ́n ti ya àgọ́ àwọn àjèjì náà lọ́dún 2008. Ilé páànù tí ẹ ń wò nínú fíìmù jẹ́ ilé tí àwọn èèyàn gbé nínú rẹ̀ lóòótọ́, tí ìjọba sì ń kó wọn kúrò níbẹ̀. Orúkọ fíìmù náà pàápàá ń ránni létí District Six ní Cape Town, tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kéde lọ́dún 1966 pé ó di ti àwọn aláwọ̀ funfun, tí wọ́n sì lé èèyàn tó ju 60,000 kúrò níbẹ̀.

Kí Blomkamp tó ṣe District 9, ó ti ṣe fíìmù kékeré kan, Alive in Joburg. Nínú rẹ̀, àwọn ará ìlú ń sọ èrò wọn nípa àwọn àjèjì láti ayé mìíràn. Ohun tí wọ́n bi àwọn kan lára wọn gan-an ni èrò wọn nípa àwọn ará Áfíríkà tó wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn bíi Zimbabwe. Ìdáhùn wọn kì í ṣe eré. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2008, ìkọlù sí àwọn àjèjì bẹ́ sílẹ̀ ní Alexandra, ó tàn káàkiri, èèyàn 62 sì kú.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà ní ẹjọ́ lórí ohun tí fíìmù yìí fi hàn. Ó gbé wọn kalẹ̀ bí ọ̀daràn àti ajẹ̀nìyàn, ó sì pe ọ̀gá wọn ní Obesandjo. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, Dora Akunyili, ní kí àwọn ilé sinimá dẹ́kun àti máa gbé e jáde, ó sì ní kí iléeṣẹ́ Sony tọrọ àforíjì. Ìbínú yẹn ní ìdí. Ẹni tí kò dé Johannesburg rí, tó rí òpó Hillbrow tó jẹ́ òótọ́ àti ilé páànù tó jẹ́ òótọ́, kò ní rọrùn fún un láti mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà tó dúró láàárín wọn jẹ́ àròsọ bí ọkọ̀ tó wà lókè.

Òkè kan ní Cameroon

Lóṣù Keje ọdún 2018, fídíò kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ ogun kó obìnrin méjì àti ọmọ méjì lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà eléruku kan, ọ̀kan lára àwọn ọmọ náà wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Wọ́n di ojú wọn, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Ìjọba Cameroon sọ pé ìròyìn òfegè ni.

Àwọn oníròyìn BBC Africa Eye àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ dá fídíò náà dúró, bí àwọn olólùfẹ́ fíìmù ṣe máa ń ṣe. Wọ́n wo bí orí òkè tó wà lẹ́yìn ṣe ga sókè tó tún sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi wé àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, òkè náà sì bá ti ìtòsí Zelevet ní àríwá Cameroon mu. Wọ́n fi àwọn ilé, igi àti ipa ọ̀nà tó hàn nínú fídíò náà wé tàwòrán sátẹ́láìtì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí òjìji àwọn ọmọ ogun tó ń rìn. Bí òjìji ṣe gùn tó àti ibi tó kọjú sí sọ ibi tí oòrùn wà lójú ọ̀run fún wọn, ìyẹn sì gbé wọn dé àárín ọjọ́ 20 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2015.

Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ilé ẹjọ́ ológun ní Cameroon rán mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ogun náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá.