Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Orin Sheena Ringo

Ẹ̀yin olólùfẹ́ orin rọ́ọ̀kì, ẹ wá gbọ́ Sheena Ringo, obìnrin ará Japan tó gbé orin àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1998. Ààyò tèmi ni “Marunouchi Sadistic”, tó wà nínú àwo rẹ̀ ti 1999. Ó ń dárúkọ àwọn ibùdókọ̀ ojú irin Tokyo níbẹ̀: Ginza, Ikebukuro, àti Ochanomizu tí ṣọ́ọ̀bù gìtá kún fọ́fọ́. Ẹni tí owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì wà lára gìtá olówó gọbọi, ló ń sọ̀rọ̀. Orin náà ń mì lẹ́gbẹlẹ́gbẹ bíi jáàsì. “Honnō” ńkọ́? Nínú fídíò rẹ̀, aṣọ nọ́ọ̀sì ló wọ̀, ó sì ń fọ́ gíláàsì wómúwómú! Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Ní ti Tokyo Jihen, ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà, “Gunjō Biyori” ti 2004 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.