Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọgbà Àgódi àti omi Ògùnpa

Láàárín ilé àti títì Ìbàdàn, Ọgbà Àgódi dá dúró bí erékùṣù. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bí 150 éékà.

Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya. Ó pa èèyàn tó lé ní 200 nílùú, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹranko tó wà nínú ọgbà náà lọ. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọgbà náà ṣe ní 2012, ó ṣí padà ní 2014, pẹ̀lú odò ìlúwẹ̀ẹ́. Ó dùn mọ́ mi, nítorí ó yẹ kí ará àdúgbò Bódìjà àti Agbowó rí ibi tí wọ́n á ti máa mí.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Níbi tí igi bá wà, ewé a gba agbára òjò, ilẹ̀ a sì fa omi mu díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá gé igi, tí wọ́n da kankéré síbẹ̀ fún ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ilé ìjẹun, omi kò ríbi wọ̀ mọ́. Ògùnpa ni yóò sáré lọ bá, Ògùnpa yìí ló sì ń gba ẹ̀gbẹ́ Dùgbẹ̀ kọjá lọ sí Òkè-Àdó àti Mọ́lété. Ike àti ọ̀rá tí àlejò sọ nù a bá a lọ, a sì dí ojú gọ́tà. Àwọn ọlọ́jà ìsàlẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó sanwó wọgbà.

Omíyalé ọdún 2011 tún pa èèyàn tó lé ní 100 n'Íbàdàn. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ohun tuntun sí Àgódi, ẹ bi wọ́n: igi mélòó ni yóò lọ? Ibo ni omi yóò gbà?