Ìtàkùn Wo Ni Kí A Gbìn Sí Ara Ògiri?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìtàkùn tí ó ní kí erin má kọjá, òun àti erin ni yóò jọ lọ. Ní ilé wa ní Magboro, òwe náà yí padà díẹ̀: ìtàkùn ni a fà tu kúrò lára fẹ́ńsì, ọ̀dà ògiri ni ó sì bá a lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi gbé gègé, kí ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ti ní ilé, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ní in lọ́la, lè mọ ohun tí ẹ ń gbìn kí ẹ tó gbìn ín.

Ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò ní ṣàì mọ Magboro, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà náà ní ọdún 1978 ni ilé ti ń pọ̀ sí i ní agbègbè náà, láti Arepo títí dé Ìbàfo àti Mówé. Búlọ́ọ̀kù ni a fi ń mọ fẹ́ńsì níbẹ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú un, ooru rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn lè jókòó sí àgbàlá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìdí nìyí tí bàbá mi fi fẹ́ ewé tútù lára ògiri. Ó ra ìtàkùn kan nínú ọ̀rá dúdú lọ́dọ̀ ẹni tí ń ta òdòdó. Ẹni náà ní ivy ni.

Kì í ṣe ivy rárá. Ilẹ̀ Yúróòpù, ìwọ̀-oòrùn Éṣíà àti àríwá Áfíríkà ni ivy ti wá. Ibi tí ó tutù ni ó fẹ́ràn, ooru wa kò bá a lára mu. Òun ni ó máa ń bo ògiri àwọn ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ lọ́hùn-ún. Àní, ní Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ eléré ìdárayá tí àwọn yunifásítì mẹ́jọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1954 ń jẹ́, Harvard, Yale àti Princeton sì wà lára wọn. Bóyá ìyẹn ni orúkọ náà fi ń dùn létí àwa ọmọ yunifásítì. Èyí tí bàbá mi rà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Ficus pumila. Ìlà-oòrùn Éṣíà ni ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìbátan ọdán àti ọ̀pọ̀tọ́ ni. Bí ẹ bá gé e, ẹ ó rí oje funfun bíi wàrà tí ń jáde lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn ìbátan rẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á bèèrè nípa ìtàkùn kí á tó gbìn ín ni pé, báwo ni ó ṣe ń di nǹkan mú? Àwọn kan ń lọ́ ni. Iṣu ń lọ́ mọ́ ọ̀pá, àlùkerésé ń lọ́ mọ́ igi àti koríko. (Esúrú ń lọ́ sí òdìkejì ọ̀nà tí iṣu àti ewùrà ń lọ́ sí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó lọ wo oko.) Àwọn mìíràn ní ọwọ́ tín-ín-rín bí okùn tí wọ́n fi ń rọ̀ mọ́ nǹkan, bí ejìnrìn àti ugu. Bougainvillea kò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gún ni ó fi ń kọ́ nǹkan, a sì ní láti so ó mọ́ wáyà. Ivy àti ìtàkùn bàbá mi ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kẹrin: gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ń yọ lára wọn, gbòǹgbò náà á sì lẹ̀ mọ́ ògiri pinpin. Síbẹ̀, ẹ má ṣe pè wọ́n ní àfòmọ́ o. Àfòmọ́ ń fa omi àti oúnjẹ lára igi tí ó gbé e. Ẹ̀yìn lásán ni ìtàkùn ń fẹ́ lára ògiri. Gbòǹgbò rẹ̀ tí ó wà nínú ilẹ̀ ni ó ń bọ́ ọ.

Ògiri tí a rẹ́ dáadáa, tí kò sán, lè gba alágbòǹgbò, bí onílé bá ṣetán láti máa gé e nígbà gbogbo. Bí a bá fi í sílẹ̀ tí ó dàgbà, ara rẹ̀ á le bí igi, ewé rẹ̀ á tóbi, á sì máa nà síta. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá ti lanu, kì í ṣe aláǹgbá nìkan ni ó ń ráyè wọ ibẹ̀. Gbòǹgbò náà ń wọ ọ́. Fẹ́ńsì tiwa ti lanu kí a tó gbìn ín. Àwọn tí ń lọ́ àti àwọn ọlọ́wọ́ tín-ín-rín kò lè ṣe ògiri ní nǹkan kan. Okùn tàbí wáyà ni wọ́n ń fẹ́. Ìgbàkígbà tí a bá sì fẹ́ kun ọ̀dà, a lè tú wọn sílẹ̀.

Èyí tí mo tún ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé ni money plant, tí ewé rẹ̀ ní àbàwọ́n yẹ́lò. Erékùṣù Mo'orea ní òkun Pàsífíìkì ni ó ti wá. Kì í tètè kú, kódà nínú òkùnkùn, nítorí náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe ń pè é ní devil's ivy. (N kò ní túmọ̀ ìyẹn sí ìtàkùn Èṣù. A ti jìyà irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ tó.) Ìbátan kókò ni, bí ọmọdé bá jẹ ewé rẹ̀, ẹnu á máa yún un, á sì máa ta á.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù, ẹnikẹ́ni kò gbìn ín. Ní ilẹ̀ kan tí wọn kò tíì kọ́lé sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ìtàkùn kan wá láti ibẹ̀, ó gun fẹ́ńsì wa. Nígbà tí èso rẹ̀ gbẹ tí ó là, kóró pupa olójú dúdú yọ nínú rẹ̀, ó ń dán gbinrin. Àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣà á jọ, ó ń fi abẹ́rẹ́ lu ú kí ó lè sín in bí ìlẹ̀kẹ̀. Ìyá mi rí i, ó kígbe. Ojú ológbò ni, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní wérénjéjé. Oró tí ó wà nínú kóró náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyọ kan tí a bá rún lẹ́nu lè pa ọmọdé. Èyí tí a ti lu ni ó léwu jù, nítorí èèpo líle tí ó bo oró náà mọ́lẹ̀ ti lu. Bí ọmọ bá gbé e mì, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà bí kò tíì ṣe é ní nǹkan kan. Ó lè pẹ́ kí àìsàn náà tó fara hàn. A dúpẹ́ pé àbúrò mi kò tíì fi í sẹ́nu. Ọjọ́ náà ni bàbá mi ní kí a fa gbogbo ohun tí ó wà lára fẹ́ńsì tu, ti Éṣíà àti ti igbó.

Ìyá mi ni ó wá yan èyí tí a gbìn: amúnútutù. Ẹ wo orúkọ náà bí wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì: a-mú-inú-tutù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń jẹ́. Pierre Verger, nínú ìwé rẹ̀ Ewé tí ó jáde ní 1995, tẹnu mọ́ ọn pé iṣẹ́ ewé sábà máa ń fara pamọ́ sínú orúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ ewé wà, aláwọ̀ pupa sì wà. Èkejì ni ó dára jù lójú mi lára ògiri funfun. A gé ara rẹ̀ ní ìwọ̀n ìká mẹ́wàá, a ri oríkèé méjì mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. A kò gbìn ín mọ́ ìdí ògiri gan-an, nítorí àfọ́kù sìmẹ́ńtì pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń gbẹ. A fi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀, a da ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà sí i, a sì na okùn ọ̀rá láti ìsàlẹ̀ dé òkè fún un. Ó fẹ́ràn omi púpọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, bí a kò bá bu omi sí i ní àárọ̀, á rọ. Bí a bá ń já orí rẹ̀ sọbẹ̀, ẹ̀ka tuntun ni yóò máa yọ, yóò sì bo ògiri dáadáa. Èso rẹ̀ dúdú, ó máa ń kun ọwọ́ ọmọdé bí tádàwà, ṣùgbọ́n kò ní oró. A kì í jẹ́ kí ó ṣú bo ojú fèrèsé, nítorí ejò.

Àbúrò mi ti gba ìṣẹ́jú ọbẹ̀ ọjọ́ Sátidé lọ́wọ́ ìyá mi. Òun ni ó ń já a.